Ọwọ́ Tí Ẹ̀rọ Kò Gé: Ìtàn Ìtọ́jú Ọwọ́ Láti Agége Dé Igbóbì

Ọ̀rọ̀ ìlera ti ọ̀sẹ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ fi ara balẹ̀ kà á, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ ilé kà á sí yín létí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìpàdé, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé búrẹ́dì kan, ẹ̀rọ sì fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Egungun méjì dá, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ bó. Ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ti péjọ, wọ́n ní, "Ẹ má gbé e padà síbẹ̀ o. Wọn á gé e ni." Wọ́n ti rí teguntegun kan tí yóò bá wọn dì í kó le dáadáa. Ìyá náà kò bi mí ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa gé e?"

Mo sọ fún un pé nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo rí ọwọ́ tí wọ́n gé, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ ló pa wọ́n. *Ìdì ló pa wọ́n.* Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín lónìí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀rọ ní àdúgbò wa yìí.

Oko ni Agége tẹ́lẹ̀, àwọn àgbà wa mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà reluwé láti Ìdó dé Ìbàdàn ní 1901, tó gba Ikẹjà àti Agége kọjá, irè oko ni ọkọ̀ ń kó níbẹ̀, pàápàá kòkó àti obì. Ìhà Ìfàkọ̀ ni Jacob Kehinde Coker ní oko kòkó rẹ̀ ńlá sí, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Ohun tó ń ṣe ọwọ́ léṣe láyé ìgbà yẹn kò pọ̀ ju àdá lọ, àti ọkọ́, àti igi téèyàn já bọ́ láti orí rẹ̀. Ojú kan ni ọgbẹ́ àdá máa ń wà. Ẹni tó bá já bọ́ á fi ọwọ́ gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ á kán, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun, lọ́pọ̀ ìgbà á sì san.

Ẹ̀rọ ló yí ọ̀rọ̀ padà, búrẹ́dì sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ṣàlàyé. Àwa tí a ń fi búrẹ́dì Agége jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ kì í sábà ronú nípa ọwọ́ tó ṣe é. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ reluwé ní Nàìjíríà, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1921, òun náà ló sì mú kí ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò gbilẹ̀ láàárín àwọn oníbúrẹ́dì. Ẹ̀rọ yìí ló jẹ́ kí búrẹ́dì wa ki, tó sì máa ń fà bí a bá ya á. Irin róbótó méjì tó gùn ló ń yí, tí wọ́n kojú síra wọn. Wọ́n á ki ìyẹ̀fun pípò bọ àárín wọn, á jáde ní pẹlẹbẹ, wọ́n á ká a, wọ́n á tún ki í bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí á fi dán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ìyẹ̀fun sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bí oorun bá gbé òṣìṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru, irin kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ̀fun àti ìka.

Ìfarapa tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe yàtọ̀ sí ti àdá. Kò gé ọwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ ọ, ó bó awọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, téèyàn bá wo ojú awọ, a lè rò pé kò pọ̀, ṣùgbọ́n inú ti fọ́, yóò sì wú: kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ nìkan, yóò máa wú lọ títí di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ẹ fi wíwú yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn búrẹ́dì ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá dé. Ní àwọn ọdún 1950, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ikẹjà wà, kò tíì sí lábẹ́ Èkó. Ìjọba yẹn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà, títí tó fi dáwọ́ dúró ní 2008. Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ lójú ọ̀nà Ọba Akran, Cadbury wà ní Àgídìngbì. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, àti àwọn ará òkè ọya, wá gba yàrá sí Agége àti Mùṣin. Ọwọ́ tó di ọkọ́ mú lánàá ló ń ki òwú bọ ẹ̀rọ lónìí. Òfin tó ní kí wọ́n bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ ti wà láti 1955. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé e, ẹ̀yin tí ọkọ yín tàbí ọmọ yín ti ṣe kásúà rí, ẹ mọ ìdáhùn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé aṣọ yẹn ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò kúrò lágbègbè wa. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá àti ike, ó wà lọ́dọ̀ àwọn alápákó, ó wà nínú ọjà wa, níbi tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ata ti ń sáré ní gbangba láìní ìdérí, tí ọmọ ọdún mẹ́ta sì dúró ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ó wá kan teguntegun. Mi ò ní bú wọn o. Kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti ń to egungun. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ìka wá ibi tó kán láìsí fọ́tò. Wọ́n á tò ó, wọ́n á fi òrí rà á, wọ́n á to ẹ̀là ọparun yí i ká, wọ́n á dì í. Àwọn mìíràn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á tọ́jú òun náà pẹ̀lú aláìsàn, ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọ́n á tú ìdì. Egungun apá tó kán lásán, tí awọ kò là, tí kò yẹ̀ púpọ̀, máa ń so lọ́wọ́ wọn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé dókítà àti teguntegun, kò sí èyí tó ń so egungun nínú wọn. Egungun fúnra rẹ̀ ló ń so. Ohun tó ń béèrè ni pé kí a fi òun sí ipò, kí a má sì mi òun.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìdì tó bá ọwọ́ mu láàárọ̀ lè di okùn ọdẹ lálẹ́. Ọwọ́ ń wú, ìdì kò gbòòrò sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹran ara inú ọwọ́ àti apá kò lè fara da àìsí ẹ̀jẹ̀ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lóru yẹn, ọmọ á máa ké. Àwọn ará ilé á ní, "Fara dà á, egungun tí wọ́n tò ló ń dùn." Láàárọ̀, kò ké mọ́. Gbogbo wa á dúpẹ́ pé ara ti ń tù ú. Ara kò tù ú o. Iṣan tó ń gbé ìrora lọ sọ́pọlọ ti kú ni.

Ní 1881, dókítà ará Jámánì kan, Richard von Volkmann, kọ ìwé nípa irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Egungun wọn ti so, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ tẹ̀, ìka ká kò bí èékánná àṣá, kò sì ṣeé nà mọ́ títí ayé. Ó tọ́ka sí ìdì tó le jù, tó ké ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ẹran apá. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwọn tó di ọwọ́ tí Volkmann ń sọ yẹn, dókítà òyìnbó ni wọ́n, kì í ṣe teguntegun Yorùbá. Àṣìṣe náà kò mọ ẹ̀yà. POP ilé ìwòsàn pàápàá lè pa ọwọ́ bó bá fún jù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láti ìgbà Volkmann ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti máa wo ìka aláìsàn wákàtí dé wákàtí, kí wọ́n sì la POP lójú ẹsẹ̀ bí ìka bá yí padà. Mo mọ bàbá teguntegun kan, ó ti ṣaláìsí báyìí, tó máa ń wá wo èékánná aláìsàn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, tó sì máa ń tú ìdì fúnra rẹ̀. Kò ka ìwé Volkmann rí. Ìrírí ló kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹni yòówù kó di ọwọ́ ọmọ yín, iṣẹ́ yín ni láti máa wo ìka tó yọ síta. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó funfun, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí pupa rẹ̀ padà kí ẹ tó ka ení, èjì. Bí kò bá padà, tàbí tí ìka bá tutù, tó ń di búlúù tàbí dúdú, tí ó bá ń ta á bí abẹ́rẹ́ tàbí tó kú tipiri, tàbí tí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn ìdì dípò kó máa rọlẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Àmì tó máa ń ṣáájú gbogbo wọn nìyí: ẹ rọra bá a na ìka rẹ̀. Bó bá ké bí ẹni tí iná jó, ẹ̀jẹ̀ ti ń fẹ́ wọn nínú apá náà. Ẹ tú ìdì, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn. Bó bá jẹ́ POP ni, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó fi sí i kí wọ́n là á.

Ọ̀rọ̀ kàn Igbóbì wàyí. Ilé ìwòsàn egungun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú yìí kò bẹ̀rẹ̀ nítorí ilé iṣẹ́. Ogun Hitler ló bí i. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, kí wọ́n lè padà máa lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Ọdún yẹn náà ni àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì méjì dé síbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ogún ọdún ó lé kí Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè rẹ̀ dáni lọ́lá ní 1966. Ìjọba àpapọ̀ gba ilé ìwòsàn náà ní 1975. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ikẹjà wá gbilẹ̀, ibi tí wọ́n kọ́ fún ọgbẹ́ ìbọn ló ń gba ọgbẹ́ ẹ̀rọ.

Ogun yẹn kan náà ló sọ ìtọ́jú ọwọ́ di iṣẹ́ ọ̀tọ̀ lágbàáyé. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Sterling Bunnell, tẹ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ abẹ ọwọ́ jáde ní 1944, àwọn ológun orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ṣí ibùdó ọ̀tọ̀ fún ọwọ́ nìkan. Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan ṣoṣo, mẹ́jọ nínú wọn há mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹni tó bá ń tò ó gbọ́dọ̀ mọ egungun, mọ iṣan ẹ̀jẹ̀, mọ iṣan tó ń fa ìka, mọ bí a ṣe ń bo awọ.

Kí ló wá fà á tí orúkọ ilé ìwòsàn egungun fi di ohun tí a fi ń dẹ́rù bani? Ẹ wò ó bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ ọwọ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n dì í le nílé. Lọ́jọ́bọ̀, ìka dúdú. Wọ́n ní kí wọ́n fi àgbo sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ń rùn, ibà ti wọlé, wọ́n wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ohun tó kù tí dókítà lè fi gba ẹ̀mí là kò ju kí ó gé e lọ. Àdúgbò kò rí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú. Gígé ni wọ́n rí. Wọ́n á wá sọ pé, "Ẹ ò rí i, a sọ fún yín. Wọ́n gé e." Ìtàn yẹn á mú kí ẹlòmíràn tún pẹ́ nílé, wọ́n á sì tún gé ti ẹni náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bí ohun tí à ń bẹ̀rù.

Ẹ̀yin àgbà, tiyín rèé, torí kò dìgbà tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ kí ọrùn ọwọ́ tó kán. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tó yọ̀, ẹnu ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí, títì tí a fẹ́ sáré dá kọjá ní Ìyànà-Ìpájà. Bí a bá ṣubú, ọwọ́ la fi ń gbalẹ̀. Ní 1814, Abraham Colles, dókítà ní ìlú Dublin, ṣàlàyé ìkán tó wọ́pọ̀ jù ní ọrùn ọwọ́, nígbà tí kò tíì sí fọ́tò egungun. Ojú àti ọwọ́ lásán ló fi mọ̀ ọ́n: ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tí a fi ń jẹun. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Ọdún 81 lẹ́yìn náà, ní December 1895, ni Röntgen ará Jámánì ya fọ́tò X-ray ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Egungun ìka hàn, òrùka sì hàn dúdú lórí rẹ̀.

Òrùka yẹn rán mi létí nǹkan kan. *Bí ọwọ́ bá fara pa, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́,* kí wíwú tó dé. Mo ti rí òrùka ìgbéyàwó tó fẹ́ gé ìka ìyá kan, a fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ ni. Ọṣẹ tàbí epo díẹ̀ á jẹ́ kó yọ̀ bó bá ti ń há.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, egungun rẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá kán lórí ìṣubú kékeré, ẹ jẹ́ kó bi dókítà nípa egungun gbogbo ara, nítorí ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán lónìí, ìbàdí lè jẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má sì kàn sọ pé "ó kàn rọ́ ni," kí ẹ máa fi ìpara gbígbóná fọwọ́ rà á kíkankíkan. Bí egungun bá ti là nínú, ńṣe ni fífọwọ́rà ń yẹ̀ ẹ́ kúrò nípò, tó sì ń dá kún wíwú. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn, egungun kékeré kan wà nísàlẹ̀ àtàńpàkò, níbi tó máa ń jin kòtò bí a bá na àtàńpàkò sókè. Bí ibẹ̀ bá ń dùn lẹ́yìn ìṣubú, X-ray àkọ́kọ́ lè má rí nǹkan kan. Wọ́n máa ń tún un yà lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ẹ má jẹ́ kí ó jù ú nù, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé egungun yẹn kéré, ó sì lè kọ̀ láti so.

Ọ̀bẹ náà tún ní tirẹ̀. Àwọn alápatà Oko-Ọba mọ̀ ọ́n, àwa tí à ń gé ẹja dídì sì mọ̀ ọ́n. Ojú ọgbẹ́ lè kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́ aṣọ, kí ó sì jẹ́ pé iṣan tó ń ká ìka ló gé. Ẹ ní kí ó ká ìka kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan orí ìka bóyá ó gbọ́ ọ. Bí ìka kan kò bá ká, tàbí tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn, kẹ́místì tó bá rán awọ rẹ̀ kàn bo àṣírí ọgbẹ́ náà ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iṣan tó gé yóò ti fà sẹ́yìn sínú àtẹ́lẹwọ́, àtúnṣe rẹ̀ á sì le.

Ohun tí a ń ṣe lójú ẹsẹ̀ kò ṣòro. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló di ọwọ́ mú, kí wọ́n pa iná, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú irin náà, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára fà á. Ẹ da omi tó mọ́ lé e bí ìdọ̀tí bá wà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ. Ẹ má fi okùn fún ọrùn ọwọ́ pa. Kẹ́rosíìnì, ìyẹ̀fun kọfí, eérú, ọṣẹ ìfọyín, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn dúró ní ilé ìdáná. Ẹ bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí àwa obìnrin mọ̀ sí TT láti ibi ìtọ́jú aboyún.

Bí ìka tàbí ọwọ́ bá wá gé kúrò ńkọ́? Ní 1962, ní ìlú Boston, àwọn dókítà rán apá ọmọ ọdún 12 kan tí reluwé gé padà. Ní January 1963, ní Shanghai, dókítà Chen Zhongwei àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rán ọwọ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan padà, ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ̀rọ gé lókè ọrùn ọwọ́ gan-an. Ní 1965, àwọn ará Japan rán àtàńpàkò, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín débi pé awò asọǹkandi-ńlá ni wọ́n fi rí i. Mi ò sọ pé ilé ìwòsàn gbogbo lè ṣe é. Kì í sì í ṣe gbogbo ìka ló ṣeé rán. Ṣùgbọ́n ìka tó ti dì gbagidi, kò sí dókítà tó lè rán an. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi rẹ̀ díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá tí kò lu, ẹ so ẹnu ọ̀rá, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi tó ní yìnyín. Kí yìnyín má kan ìka fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e tẹ̀lé ẹni tó ni ín. Bí wọn kò bá tilẹ̀ lè rán an, awọ rẹ̀ lè wúlò láti bo ojú ọgbẹ́.

Wàyí o, ìtọ́jú lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Níbí ni àwa ìyá ti máa ń ṣe ọmọ níbi, pẹ̀lú ìfẹ́. Egungun ọrùn ọwọ́ máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti ìka máa ń yá jù bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn a ó máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, a ó máa wẹ̀ fún un, a ó ní kí ó má mira. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú POP, oríkèé ìka ti gan, èjìká pàápàá ti gan. Ìka tí wọn kò dì, ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ó ti máa ká wọn, kí ó máa nà wọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí ọwọ́ sì máa wà lókè lórí ìrọ̀rí. Ẹni tí wọ́n rán iṣan tó ń fa ìka fún nìkan ni kí ó má dá ohunkóhun ṣe. Ohun tí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì bá ní kí ó ṣe gan-an ni kí ó ṣe, torí iṣan náà lè já bó bá fi gbé nǹkan wúwo kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Bí dókítà bá ti gbà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ilé wa kún fún irinṣẹ́. Kí ó máa fún aṣọ tútù. Kí ó máa ṣa ẹ̀wà, kí ó máa bó ẹ̀gúsí, kí ó máa ká aṣọ gbígbẹ. Ẹ̀gúsí bíbó ń mú àtàńpàkò àti ìfábẹ̀lá pàdé, iṣẹ́ tí àtàńpàkò ń ṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iṣẹ́ ọwọ́. Ọkùnrin á ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàròyé, kó ṣáà máa bó o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, ṣùgbọ́n bí ìka kò bá tíì gbọ́ ìfọwọ́kàn, ọwọ́ kejì ni kí ẹ fi tọ́ omi náà wò, torí ọwọ́ tó kú tipiri lè bó láìmọ̀.

Owó ni ó kù. Láti 1941 ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ti wà ní Nàìjíríà. Èyí tí à ń lò báyìí jẹ́ ti 2010, NSITF ló ń bójú tó o, àwọn agbanisíṣẹ́ ló sì ń dá owó náà. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan ni a ní láti béèrè fún owó náà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ọwọ́ náà, ẹ kó gbogbo ìwé ilé ìwòsàn pamọ́. Máníjà tó bá ní "ẹ jẹ́ ká fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí," tó sì na owó ìwọ̀nba síni, ẹ lè gba owó náà, ẹ má ṣáà tọwọ́ bọ̀wé tí ẹ kò kà.

Ìyá tí mo sọ lókè yẹn kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Ó gbé e padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ ti wú lóru, ìdì sì ti fẹ́ há, wọ́n tú u, wọ́n tún un dì kó dẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń lọ fisiotẹ́rápì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bá wa gbé kúlà wọ gbọ̀ngàn ìpàdé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. Ọmọ ìka tó kéré jù kò ká tán. Ó ti padà sí ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ka búrẹ́dì sínú ọ̀rá ló wà báyìí.